Ohun Tí Wọn Ò Kọ Sẹ́yìn Ike: Ìtàn Ìpara Tó Ń Bóra

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ̀fà tí mo fẹ́ bá yín kà lónìí kò ju ike ìpara lọ: èyí tí wọ́n tò sórí tábìlì ní Bódìjà, èyí tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù ní Agbowó, èyí tí wọ́n ń gbé kiri ní Dùgbẹ̀. Iwájú ike ni gbogbo wa máa ń wò. Àwòrán arẹwà wà níbẹ̀, awọ rẹ̀ ń dán bíi dígí. Ẹ̀yìn ike ni mo fẹ́ ká jọ yí wò, pàápàá ohun tí wọn ò kọ síbẹ̀. Ẹni tó bá tọ ìtàn ìpara yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ yóò rí i pé ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ láti ìran dé ìran: tí òfin bá lé èròjà olóró kan jáde, èròjà náà kì í sábà kúrò nínú ike. Ẹ̀yìn ike ló máa ń kúrò.

Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ o. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń rò ó pé mo fẹ́ wá bú àwọn tó ń bóra ni. Rárá. Èébú ti pọ̀ tó lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ti fi kọrin, wọ́n sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ọkọ̀ láti Challenge dé Ring Road. Síbẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni kò mọ ohun tí wọ́n fi owó wọn rà. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ọ̀RỌ̀ KAN ṢOṢO: BÓ

Èdè wa ò pọ́n ọ̀rọ̀ yìí lé. Tí wọ́n bá rí ẹni tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà, wọ́n á ní "ó ń bóra." Bó yìí náà la fi ń bó ọsàn, la fi ń bó ẹ̀pà, la fi ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ohun tí a bá sì ti bó, kò tún ní èèpo tó máa gbà á lọ́wọ́ oòrùn mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má tàn wá pé òyìnbó nìkan ló kọ́ wa láti fẹ́ràn awọ pupa. Yorùbá ní apọ́nbéporẹ́, ó sì ní adúmáadán. A ń yin ẹni tó pọ́n, a sì ń yin ẹni tó dúdú bíi kóró iṣin. Ṣùgbọ́n àwọ̀ tí a bí mọ́ni là ń kì. Èmi ò tíì gbọ́ oríkì ẹni tó ra àwọ̀ tirẹ̀ lọ́jà.

Àwọn ìyá wa ń ṣara lóge dáadáa. Wọ́n ń kun osùn, wọ́n ń fi òrí àti àdín para, wọ́n ń lé làálì, wọ́n ń fi ọṣẹ dúdú wẹ̀. Osùn a máa mú ara pọ́n, ṣùgbọ́n orí awọ ló ń dúró sí, omi á sì ṣàn án lọ. Ẹni tó ń kun ún mọ igi tí wọ́n ti rí i, ó sì mọ ọlọ tí wọ́n fi lọ̀ ọ́. Kì í ṣe pé gbogbo ohun àtijọ́ ló dára o. Ẹ wo tìróò: òjé ló pọ̀ nínú òkúta tí wọ́n sábà máa ń lọ̀ fún un, òjé sì lè ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Nítorí náà, ohun ìbílẹ̀ náà lè fi ewu pa mọ́. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni pé kí ẹni tó ń fi nǹkan para mọ ohun tó ń fi para.

ALÁRÓ INÚ AWỌ

Ká tó wọ inú ìtàn gan-an, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí ìpara yìí ń bá jà. Nínú awọ wa ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí iṣẹ́ wọn dà bíi tàwọn aláró. Aró tí wọ́n ń po ni wọ́n ń pè ní melanin. Aró yìí ló ń fún wa ní àwọ̀, òun náà ló ń gba oòrùn dúró kó má baà jó ohun tó wà nísàlẹ̀ awọ. Dúdú ni o, pupa ni o, òyìnbó ni o, gbogbo wa la ní aláró lábẹ́ awọ. Bí aró wa ṣe pọ̀ tó àti irú èyí tó jẹ́ ló yàtọ̀.

Èròjà mẹ́ta ló gbajúmọ̀ jù nínú àwọn tó ń da iṣẹ́ aláró yìí rú: mẹ́kúrì, hydroquinone àti steroid. Mẹ́kúrì a máa di aláró lọ́wọ́. Hydroquinone náà a máa dì í lọ́wọ́, ó sì lè ṣe aláró fúnra rẹ̀ ní jàǹbá. Steroid ní tirẹ̀ a máa pa iná ìdí ìkòkò aró, lẹ́yìn náà á máa fa aṣọ tí wọ́n ń rẹ gan-an ya. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ìtàn tirẹ̀.

MẸ́KÚRÌ: OHUN TÍ WỌ́N KÀ LÉÈWỌ̀ NÍLÉ, TÍ WỌ́N Ń TÀ SÓKO

Mẹ́kúrì ni irin olómi tó wà nínú ẹ̀rọ tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń wọn ìgbóná ara láyé àtijọ́. Ní ọ̀rúndún ogún, àwọn ilé iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ń fi oríṣi rẹ̀ kan sínú ìpara tó ń mú awọ mọ́lẹ̀. Kì í dúró lórí awọ bí osùn. Á wọnú ẹ̀jẹ̀, á lọ jókòó sínú kíndìnrín, á sì lè dààmú ọpọlọ àti iṣan ara.

Ní 1972, àwọn dókítà ní Nairobi, ní Kẹ́ńyà, kọ ìròyìn kan sínú ìwé British Medical Journal. Wọ́n ti yẹ àwọn àgbàlagbà 60 wò tí ara wọn wú, tí kíndìnrín wọn sì ń jò bí ajere. Nígbà tí wọ́n wádìí, ó lé ní ìdajì wọn tó ń lo ìpara abóra tó ní mẹ́kúrì. Ẹ rò ó wò ná. Ẹsẹ̀ wíwú ló gbé ẹni náà dé ilé ìwòsàn. Ta ló máa ronú kan ìpara ojú?

Amẹ́ríkà fòfin lé mẹ́kúrì kúrò nínú ìpara abóra ní 1973. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti 1976 náà kà á léèwọ̀ nínú ohun ìṣaralóge, àfi díẹ̀ tó wà fún ohun ojú. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, àbí? Kò parí. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ní Yúróòpù ṣì ń ṣe ọṣẹ mẹ́kúrì, wọ́n ń kó o ránṣẹ́ sí Áfíríkà. Wọ́n ń pè é ní ọṣẹ apakòkòrò. Ọdún 2003 ni Yúróòpù tó fòfin de kíkó irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ilẹ̀ mìíràn. Láti 1976 sí 2003, ọdún 27 ni. Ohun tí kò dára fún awọ ọmọ wọn, ó dára fún owó wọn tó bá jẹ́ awọ tiwa ni.

HYDROQUINONE: ÌBỌ̀WỌ́ RỌ́BÀ

Ìtàn èyí bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni ò rò. Ní àwọn ọdún 1930, àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú kan wà ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe awọ ẹran ní Amẹ́ríkà. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà ni wọ́n ń wọ̀ ṣiṣẹ́. Nígbà tó yá, ọwọ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í funfun tótó dé ibi tí ìbọ̀wọ́ mọ. Àwọn onímọ̀ wádìí rẹ̀, wọ́n tẹ èsì jáde ní 1939: èròjà kan tó jẹ́ ẹbí hydroquinone ni wọ́n fi sínú rọ́bà náà kó má baà tètè gbó. Kò sẹ́ni tó sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ pé ó wà níbẹ̀. Èròjà tí wọn ò kọ síta, ara ọmọ ènìyàn ni wọ́n ti wá kà á.

Àìsàn ni àwọn dókítà rí, ọjà ni àwọn mìíràn rí. Nígbà tí ó fi máa di àwọn ọdún 1960, hydroquinone ti wọnú ìpara, ó sì gba ipò mẹ́kúrì bí òfin ṣe ń lé mẹ́kúrì lọ. Wọ́n ní òun ò léwu. Ní 1975 ni dókítà Findlay àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà kọ̀wé nípa ohun tí wọ́n ń rí lójú àwọn obìnrin tó ti lo ìpara bẹ́ẹ̀ pẹ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn àti abẹ́ ojú wọn dú ju bí wọ́n ṣe bí wọn lọ, ó sì ń rí wúruwùru bí ẹyin ẹja. Ochronosis ni wọ́n ń pè é, kì í sì í gbóògùn bọ̀rọ̀. Ẹ ò rí nǹkan? Ìpara tí wọ́n rà torí kí wọ́n lè pọ́n ló wá sọ wọ́n di dúdú tí kì í ṣe tiwọn. Ọ̀pọ̀ á rò pé oòrùn ló fà á, wọ́n á tún lọ ra ìpara náà kún un.

Gúúsù Áfíríkà kọ́kọ́ dín in kù sí 2 nínú 100. Ní 1990 wọ́n ṣe òfin tó fagi lé gbogbo ìpara abóra tí wọ́n ń tà fún oge. Àwa tí à ń kọ́ èdè ló yẹ kí apá kejì òfin náà wù jù: ó tún ka ọ̀rọ̀ léèwọ̀. Olùpolówó kankan ò gbọdọ̀ sọ pé ìpara òun ń bóra tàbí pé ó ń sọ awọ di funfun. Ìjọba ibẹ̀ mọ̀ pé ẹnu ni ọjà náà ti ń bẹ̀rẹ̀.

STEROID: OÒGÙN TÓ DI ÌPARA

Èyí gan-an ló sún mọ́ wa jù. Oògùn gidi ni steroid. Àwọn tó ṣàwárí iṣẹ́ rẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1950, láti 1952 sì ni dókítà ti ń fi oríṣi rẹ̀ tó jẹ́ ìpara wo àrùn awọ tó ń yún ni. Àwọn tó lágbára ju ìyẹn lọ tẹ̀ lé e, irú bíi clobetasol ní àwọn ọdún 1970. Nínú ìpara clobetasol, oògùn náà ò ju ìdá 5 nínú 10,000 lọ. Síbẹ̀, ìkìlọ̀ rẹ̀ ni pé kí ènìyàn má lò ó ju ọ̀sẹ̀ méjì léra lọ, kó má sì ju gíráàmù 50 lọ lọ́sẹ̀ kan.

Àwọn kan wá ṣàkíyèsí pé ibi tí wọ́n bá fi pa máa ń mọ́lẹ̀. Bí oògùn ọ̀sẹ̀ méjì ṣe di ìpara ọdún méje nìyẹn, láti ojú dé àtẹ́lẹsẹ̀, láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ohun tó ń ṣe kì í pẹ́ hàn. Awọ á fẹ́lẹ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ á máa hàn bí òwú aláwọ̀ ewé. Irorẹ́ á sú bo ojú, ara á là níbi itan àti apá. Làpálàpá kékeré á sá sábẹ́ ìpara, á máa tàn ká, kò sì ní yún tó bó ṣe yẹ kó yún. Tí ó bá wọnú ẹ̀jẹ̀ tó, ó lè fa ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ, ó sì lè mú kí ẹ̀yà ara tó ń ṣe irú èròjà yìí fún wa láti inú wá dákẹ́ iṣẹ́. Ní 2008, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yetunde Mercy Olumide, dókítà awọ ara, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ to ìṣòro wọ̀nyí jọ nínú ìwé kan. Ó wà níbẹ̀ pé ọgbẹ́ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ kì í tètè jinná, ojú ibi tí wọ́n rán lè ṣí padà, ara wọn sì lè máa rùn bí ẹja. Ẹ jẹ́ ká ronú kan ìyá tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún kó lè bímọ. Awọ tí abẹ́rẹ́ dókítà ò rí dì mú, báwo ni wọ́n ṣe máa rán an?

NÍBÍ LỌ́DỌ̀ WA

Ní 1976 ni Fela Aníkúlápó-Kútì gbé àwo rẹ̀ "Yellow Fever" jáde, Lemi Ghariokwu ló ya àwòrán ara rẹ̀. Àwo náà fi hàn pé nígbà yẹn bíbóra ti gbilẹ̀ débi pé ó tó kọ lórin. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló jogún fún wa. Títí dòní, "ojú Fáńtà, ẹsẹ̀ Kóòkì" ni à ń pe ẹni tí oríkèé ìka rẹ̀ kọ̀ tí kò bá ojú rẹ̀ lọ. A rẹ́rìn-ín fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, ìpara ò dín lọ́jà.

Ẹ máa gbọ́ pé obìnrin 77 nínú 100 ní Nàìjíríà ló ń bóra. Ìwé kan tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2011 ló gbé nọ́mbà yìí káàkiri. Ẹ jẹ́ ká yí òun náà wẹ̀yìn. Nọ́mbà 77 yìí gan-an ni ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2002 rí láàrin àwọn oníṣòwò tó lé ní 400 ní Èkó. Oníṣòwò Èkó kì í ṣe gbogbo obìnrin Nàìjíríà, ó sì tó ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn tó ń lò ó pọ̀, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn, ọkùnrin náà sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ká má fi irọ́ gbèjà òótọ́.

Orúkọ ló yí padà jù. Nígbà tí "bleaching" di èébú, ó di "toning." Nígbà tí ojú là sí "toning," ó di "glow." Nísinsìnyí "organic" ló kù. Olùpò á ra ìpara funfun lásán, á da òróró díẹ̀ sí i, á fún túùbù oògùn kẹ́míìsì mélòó kan mọ́ ọn, á rò ó pọ̀, á rọ ọ́ sínú ike tuntun. Òdòdó á wà níwájú ike, nọ́mbà fóònù á wà lábẹ́ rẹ̀, ó tán. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹni tó ń rà á ò ní bó ṣe fẹ́ mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Láyé àtijọ́, ẹ̀yìn ike ń parọ́. Ní báyìí, ike ò ní ẹ̀yìn rárá. Àwọn kan tilẹ̀ ń fi irú rẹ̀ pa ọmọ ọwọ́.

ÒFIN WÀ

Kò sẹ́ni tó lè sọ pé òfin ò sí. Òfin NAFDAC ti 2019 ka mẹ́kúrì àti steroid léèwọ̀ nínú ohun ìṣaralóge, ó sì ní hydroquinone ò gbọdọ̀ ju 2 nínú 100 lọ. Gánà ti fòfin de hydroquinone nínú ohun ìṣaralóge ní 2016. Nàìjíríà fòǹtẹ̀ lu Àdéhùn Minamata ní 2018, èyí tí wọ́n fi sọrí ìlú kan ní Jàpáàn tí mẹ́kúrì inú ẹja ti ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́ṣẹ́. 1956 ni àṣírí ọ̀ràn náà tú. Àdéhùn náà kọ́kọ́ ní kí mẹ́kúrì má ju 1 nínú mílíọ̀nù kan lọ nínú ìpara. Ní ìpàdé 2023 wọ́n ní kò gbọdọ̀ sí ìpara tí wọ́n fi mẹ́kúrì sí mọ́ rárá láti 2025. Ní 2023 yìí náà ni ọ̀gá àgbà NAFDAC, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojisola Adeyeye, kéde pé bíbóra ti di ọ̀ràn pàjáwìrì fún ìlera orílẹ̀-èdè wa.

Ṣùgbọ́n òfin ò lè mú ohun tí kò rí. Ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àwa Yorùbá pọ̀ sí, ìjọba ìbílẹ̀ Southwark ti gbé àwọn onísọ́ọ̀bù lọ sílé ẹjọ́ léraléra lórí ìpara tí òfin ò gbà. Ní California ní 2019, obìnrin kan di ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ já gaara mọ́, tí kò lè rìn mọ́. Ike ilé iṣẹ́ tó lórúkọ ni ìpara rẹ̀ wà nínú rẹ̀, àmọ́ ẹnìkan ti po mẹ́kúrì mọ́ ọn lẹ́yìn tó kúrò ní ilé iṣẹ́. Ìdá 12,000 nínú mílíọ̀nù kan ni wọ́n bá nínú rẹ̀. Ẹni tó kàwé ẹ̀yìn ike náà dópin ò lè rí i níbẹ̀.

KÍ NI KÁ ṢE?

Ẹ kọ́kọ́ yí ike padà. Tí kò bá sí àkọsílẹ̀ èròjà, tí kò sí nọ́mbà NAFDAC, tí kò sí ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ àti àdírẹ́sì ẹni tó ṣe é, ẹ dá a padà jàre, bó ti wù kó olóòórùn dídùn tó. Ẹ wá àwọn orúkọ wọ̀nyí: mercury, mercuric, mercurous, calomel, clobetasol, betamethasone, hydroquinone.

Ọgbọ́n kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání. Nígbà mìíràn ike á fi mẹ́kúrì pa mọ́, àmọ́ á kìlọ̀ pé kí ìpara má kan wúrà, fàdákà, rọ́bà tàbí irin aluminium. Ẹ bi ara yín léèrè: kí ló lè wà nínú ìpara tó ń ba òrùka jẹ́, tí wọ́n wá ní kí n fi pa ojú? Ẹnu ara rẹ̀ ló fi jẹ́wọ́ yẹn.

Ẹni tó bá ti ń lò ó tẹ́lẹ̀, kó má jẹ́ kí ìtìjú pa á. Ẹ gbé ike náà dání lọ sí Jájá tàbí kí ẹ lọ bá dókítà awọ ara ní UCH, kí ẹ sọ iye ọdún tí ẹ ti lò ó. Ẹni tó ti lo steroid pẹ́ ò gbọdọ̀ já a lójijì láìjẹ́ pé dókítà mọ̀ sí i, torí ara lè dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ má sì jọ pín táwẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú ẹni tó ń lo ìpara tí ẹ fura sí. Mẹ́kúrì máa ń gba ara aṣọ àti ibùsùn dé ọ̀dọ̀ ọmọ tí kò fi nǹkan kan para.

Sí àwa tí à ń rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló kù. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ pupa, a lè bá a jiyàn, a lè rán an létí pé inú ìkòkò dúdú lẹ̀kọ funfun ti ń jáde. Tí ó bá kọ̀, ara rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n pupa ló sanwó fún. Kò sanwó fún kíndìnrín tó ń jò, kò sanwó fún awọ tí kò gba abẹ́rẹ́. Ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé ó gbà fún ohun tí wọn ò kọ fún un. Nítorí náà, ìgbà mìíràn tí ẹ bá rí ojú Fáńtà ní gáréèjì Agbowó, ẹ pa ẹ̀rín mọ́ra, kí ẹ bi olùtà léèrè ohun tó wà nínú ike.